Bàsíà Ìyá Ìlérí

Mildred ń ha púpurú. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ló ti jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, tó ń mú àwọn ìṣù ẹ̀gẹ́ kíkan tó ti gbẹ lórí àjà èéfín lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fi ọ̀bẹ kékeré ha èèpá dúdú ara wọn dànù títí funfun inú wọn á fi yọ. Èèpá náà ń ta sí i lójú, ó ń wọ̀ ọ́ nímú. Kò dúró nù ún. Oníbàárà rẹ̀ kan ń bọ̀ láti Ìlútítun wá kó púpurú náà lọ́sàn-án, owó rẹ̀ ni Mildred sì fẹ́ fi san owó ilé ìwé Ìléríolúwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Fóònù rẹ̀ dún nínú ìdí ìró. Ó yọ ọ́, ó wo ojú rẹ̀, ó rí i pé Alága ni. Ó dá a padà, ó mú ìṣù mìíràn.

Bàsíà ńlá ló yẹ kó fi máa gba èyí tó ti ha, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Àpò ló fi ń gbà á lónìí. Bàsíà náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá, owó ló kún inú rẹ̀, ìró ni wọ́n fi bò ó. Láti alẹ́ Sátidé tí owó náà ti dé inú ilé ni ara Mildred kò ti balẹ̀ mọ́. Ó jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, kò gbọ́ ìwàásù. Ó ń ṣe é bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sórí iná, tí kò sì rántí ilé tó gbé e kaná sí.

Kingsley ọkọ rẹ̀ jáde sí ẹ̀yìn ilé, ó ń fi táwẹ̀lì nu orí, ó ń kun orin kan lábẹ́ imú. Olórin ni Kingsley. Ní gbogbo Òkìtìpupa, bí wọ́n bá ń sìnkú tàbí tí wọ́n ń ṣílé, òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń pè.

"Ìyá Ìlérí, ṣé owó yẹn ṣì wà níbi tó wà?"

"Ó ní ẹsẹ̀ ni?"

"Má fi mí ṣeré o. Adédọ̀tun àti àwọn ọmọ yòókù ń bọ̀ wá gba tiwọn. Wọn ò jẹ́ kí n gbádùn fóònù mi láti àná. Ó yẹ kó o ti kà á."

"Mi ò kà á."

"Kí ló ṣe ọ́ tó ò fi kà á?"

"Ẹ jẹ́ kí n parí èyí tó wà lọ́wọ́ mi ná, Bàbá Ìlérí."

"Kí ló kan púpurú nínú owó wa?"

"Owó ta?"

Kingsley ká táwẹ̀lì kúrò lórí. Ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "O ní owó ta? Ṣé kò ṣojú rẹ ni? Ṣebí ìwọ lo gbé omi fún Alága lọ́jọ́ tó wá bẹ̀ mí. Ó ní kí n wá kọrin lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí Susan, kí n má gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn èèyàn bá ná fún mi lójú agbo, tèmi ni. Mo ní mo gbà. Àdéhùn nìyẹn. Àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Mildred kò lè jiyàn rẹ̀.

Gbogbo ìlú ló mọ Susan. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti etí òkun, ẹja gbígbẹ ló ń tà lọ́jà, òun ló sì ń gba òkè orin ní ṣọ́ọ̀ṣì kí gẹ̀gẹ̀ tó yọ sí i lọ́rùn. Ó kọ́kọ́ rí bí ẹyin, kò pẹ́ tó fi tó ọsàn ńlá. Ohùn Susan ha, orin bọ́ lẹ́nu rẹ̀, nígbà tó yá, èémí náà di ohun tó ń fi agbára fà. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, ó dá Ọjọ́rú fún un, ó sì ní bí owó àsansílẹ̀ kò bá wọlé títí ilé ìwòsàn yóò fi ṣíwọ́ lónìí Mọ́ńdè, ẹlòmíràn ni wọn yóò fún ní ọjọ́ náà. Ìdí rèé tí àwọn ará ìlú kan fi kó ara wọn jọ di ìgbìmọ̀, wọ́n fi Alàgbà Fọláránmi ṣe alága, wọ́n sì ta tíkẹ́ẹ̀tì fún alẹ́ orin ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan.

Iṣẹ́ Mildred ni láti máa ṣa owó. Bí ọkọ rẹ̀ bá ń kọrin, òun ni í máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú àpò, tí yóò máa bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa nàró, tí yóò máa ṣa ohun tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ Kingsley níwájú orí. Gbogbo ẹni tó bá ná owó ni í kí pé, "Ẹ ṣeun, owó yín ò ní tán." Kò sí ẹni tó ń béèrè ẹni tó ni owó bẹ́ẹ̀. Iwájú orí Kingsley ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, Kingsley ló ni ín.

Ṣùgbọ́n ìjọba ti ń gbé àwọn tó ń ná owó lójú agbo lọ sílé ẹjọ́, ìbẹ̀rù sì ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Bí Kingsley ṣe gbé ohùn àkọ́kọ́ lálẹ́ Sátidé, tí àwọn èèyàn dìde tọwọ́ bọ àpò, ni Alága sáré gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn wa, a ò wá ẹjọ́ wá síbí o! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ná owó. Ẹ máa jó bọ̀, kí ẹ máa ju ohun tẹ́ ẹ bá ní sínú ike." Wọ́n wá ike títí, kò sí ike. Ìgbìmọ̀ tó tẹ bánà ńlá kò rántí ra ike. Mildred ló gbọn omi tó fi ṣan án dànù kúrò nínú bàsíà púpurú rẹ̀ tó fi gbé oúnjẹ wá fún àwọn onílù, ó gbé e dúró níwájú ọkọ rẹ̀, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó wá síbẹ̀.

"Àdéhùn ni," Kingsley tún wí. "Bí kì í bá ṣe Alága, iwájú orí mi ni gbogbo rẹ̀ ì bá wà. Mo ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìwọ náà mọ̀. Ṣé o mọ̀ pé ègbè tuntun tí mo dá sílẹ̀ níbẹ̀ ni àwọn ọlọ́kadà ń kọ kiri báyìí?" Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún.

Mildred ha ìṣù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé funfun inú rẹ̀ dànù. Ó dúró, ó mí, ó tún un mú dáadáa. Kì í fẹ́ kí nǹkan ṣòfò.

Ọ̀kadà kan kùn wọ ojúde. Alàgbà Fọláránmi sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé wá. Tíṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ ojú Susan sí ló wọ̀. Irú rẹ̀ ni gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ wọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó béèrè ohun tí ìkọ̀ọ̀kan ná wọn.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, ìyàwó wa."

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"Mo pè ọ́ títí."

"Ọwọ́ mi ló dọ̀tí, sà."

"Kò burú. Mo wá gbé bàsíà ìgbìmọ̀ ni."

"Bàsíà ìgbìmọ̀?" Mildred gbójú sókè. "Bàsíà púpurú mi ni o, sà. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀."

Kingsley bú sẹ́rìn-ín. Alága kò rẹ́rìn-ín.

"Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mò ń sọ. Ìgbìmọ̀ ló ṣètò alẹ́ yẹn. Ohunkóhun tó bá wọlé, ti ìgbìmọ̀ ni."

"Àti òógùn mi ńkọ́, Alàgbà?" Kingsley bi í.

"Ìwọ lo ní o fi ohùn rẹ ta wá lọ́rẹ."

"Ohùn ni mo fi ta yín lọ́rẹ. N kò fi ohun tí wọ́n ná fún mi kún un."

"Wọn ò ná nǹkan kan fún ọ. Inú bàsíà ni wọ́n jù ú sí."

"Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lórí!"

"Ṣé ẹ̀wọ̀n lo fẹ́ kí gbogbo wa ti lọ máa kọrin ni?"

"Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ ni wọn ì bá mú, wọn ò ní mú iwájú orí!"

Mildred jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ títí ohùn wọn fi wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi Alága pé, "Bí ẹ bá gbé e, sà, ṣé ilé ìwòsàn lẹ ń gbà lọ tààrà?"

Alága wúkọ́. "Ó ní ètò. A óò kọ́kọ́ yanjú àwọn tó bá wa ṣiṣẹ́. Oníkánópì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi láti àárọ̀, ó ní òun ò ní dìde. Ti ẹni tó tẹ bánà wà níbẹ̀, ti àwọn àwo ìdánilọ́lá náà wà níbẹ̀. Èyí tó bá kù, a óò fi kún ohun tó ṣẹ́ kù nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì."

"Kí ló ṣẹ́ kù nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì, sà?"

"Kò tó ìdajì ohun tí dókítà béèrè. Ayé ti wọ́n, ìyàwó wa."

"Kánópì wo la tiẹ̀ lò, sà? Ṣebí inú gbọ̀ngàn la wà."

"Ìta ni a ta á sí, fún àwọn èèyàn pàtàkì."

"Kò sẹ́ni tó jókòó síta. Òjò ń rọ̀."

"Nítorí òjò ni mo ṣe ta kánópì!"

Mildred tẹ ojú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kò ka Alága sí olè, ó sì tọ̀nà. Ọkùnrin náà kò jí owó. Ó kàn ń ná an ni, bí ẹni ń da omi sílẹ̀ níwájú ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, nítorí pé ó fẹ́ kí ohun rere náà lẹ́wà lójú. Bánà tí wọ́n tẹ ojú Susan sí gùn ju yàrá tí Susan ń gbé lọ.

"Bí owó kò bá wọlé lónìí ńkọ́, sà?"

"Èmi fúnra mi ni n ó lọ bẹ dókítà kó sún un síwájú. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò pa èèyàn."

Ó dà bí ẹni pé òun náà gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ibẹ̀ ni Susan dúró sí, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dé. Ó fi gèlè tínrín wé ọrùn rẹ̀ ká, ó gbé ẹja gbígbẹ nínú ọ̀rá lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí àwọn ọkùnrin méjèèjì, ó bá Mildred lórí àpótí, ó gbé ẹja náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ kúuṣẹ́." Ohùn rẹ̀ ń ha bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa àpótí lórí sìmẹ́ǹtì.

"Susan, o tún rìn wá pẹ̀lú bí èémí rẹ ṣe rí yìí?"

"Mo rọra ń sinmi lójú ọ̀nà. Ọpẹ́ ni mo wá dú. Bọ̀dá Kingsley, ẹ ṣeun o. Alàgbà, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìyọnu." Ó mí. "Ẹja yìí kò tó nǹkan, Àǹtí. Nítorí ohun tẹ́ ẹ wí lọ́jọ́ yẹn ni."

"Kí ni mo wí?"

Susan rẹ́rìn-ín, ó rò pé Mildred ń ṣeré. "Ìyá kan tó ń ta epo, ará Òṣóòrò, wá bá mi ní ìsọ̀ mi láàárọ̀ yìí. Ó ní òun jó dé iwájú bàsíà, pé díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ òun, òun ò kúkú mọ̀ bóyá ti olórin ni wọ́n ń dá. Ó ní bí òun ṣe jù ú síbẹ̀ ni ẹ wo ojú òun, ẹ ní, 'Ọlọ́run á wò ó sàn.' Òun ní àmín. Ẹni tó tò lẹ́yìn òun náà dé, ẹ tún wí i, ìyẹn náà ṣe àmín. Ó ní bí òun ṣe rí i pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe àmín, òun padà sí àyè òun, òun tú ìdí ìró òun, òun tún mú gbogbo ohun tó kù wá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà sí Òṣóòrò lálẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí. Owó ọkọ̀ rẹ̀ wà nínú bàsíà yẹn."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Mildred.

Ó rántí. Ó ti la ẹnu láti kí ẹni àkọ́kọ́ bó ṣe máa ń kí wọn, pé owó yín ò ní tán. Ṣùgbọ́n Susan ló jókòó kángun sí i níwájú, gèlè lọ́rùn, ó ń pa àtẹ́wọ́ sí orin tí kò lè gbè mọ́. Gbólóhùn àtijọ́ náà kọ̀, kò jáde. Èkejì ló jáde. Nígbà tó sì ti jáde lẹ́ẹ̀kan, kò tún ronú sí i mọ́, ó ń wí i fún gbogbo ẹni tó bá dé iwájú rẹ̀, wọ́n ń dáhùn, àwọn ọkùnrin ń kùn ún, àwọn obìnrin ń pa ojú dé. Ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ kẹta nìyí. Òun ló sọ fún wọn pé Susan ló ni owó náà. Ẹnu ara rẹ̀ ni.

"O ṣeun fún àdúrà," Kingsley wí fún ìyàwó rẹ̀, kò sì wo Susan lójú. "Ṣùgbọ́n àdúrà nìyẹn. Ẹnu lásán ni, kì í ṣe àdéhùn."

"Bàbá Ìlérí, ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ nígbà tí mò ń wí i?"

"Ta ní máa gbọ́ ọ nínú ariwo sípíkà?"

"Ẹ kọ ègbè tuntun yẹn ká gbọ́."

"Ègbè wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ ń kùn láti àárọ̀. Tí àwọn ọlọ́kadà ń kọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ sí i."

Kingsley tún mú táwẹ̀lì, ó ń nu orí tó ti gbẹ. Alága wò ó. Susan náà wò ó, ó sì wá jẹ́ pé òun tí kò ní ohùn ló gbé e, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ohùn híha yẹn: *Ọlọ́run á wò ó sàn o, Ọlọ́run á wò ó sàn.*

Kò lè parí rẹ̀. Ikọ́ gbé e.

"Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ," Kingsley wí. "Mo rí i pé ó wọ inú ìlù, mo sì gbà á. Mo ní kí Adédọ̀tun dín ìlù kù kí gbogbo gbọ̀ngàn lè gbè é." Ó jókòó sórí ìpìlẹ̀ ilé. "Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń yọ owó gidi."

Susan ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé kò sí nǹkan, Àǹtí?"

"Kò sí nǹkan. Jókòó, kí èémí rẹ padà."

Alága ti gbéra. Ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ti yanjú nígbà náà. Owó Susan ni, ìgbìmọ̀ Susan sì ni wá. Gbé bàsíà jáde, ìyàwó wa."

"Wọn ò ṣe àmín sí kánópì, sà."

Ìṣù púpurú díẹ̀ ló kù nílẹ̀. Mildred mú ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Kò yára jù, kò sì fi falẹ̀. Àwọn mẹ́ta náà ń wò ó bí ẹni pé iṣẹ́ yẹn ni wọ́n wá wò. Ó ha èyí tó gbẹ̀yìn tán, ó jù ú sínú àpò, ó gbá èèpá jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó wẹ ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Lẹ́yìn náà ló wọlé. Nígbà tó jáde, ó ti wọ aṣọ mìíràn, bàsíà náà wà ní àyà rẹ̀, ó ti fi ìró tí wọ́n fi bò ó so ó pinpin.

"Ilé ìwòsàn ni mo ń gbé e lọ," ó wí. "Ẹni tó ń gbowó níbẹ̀ ni yóò kà á. Susan á dúró tì í, wọn á fún un ní rìsíìtì lọ́wọ́. Alàgbà, ẹ jọ̀wọ́, sà, ohun tó ṣẹ́ kù nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ mú un wá bá wa níbẹ̀ báyìí, kó tó di ti oníkánópì. Bí wọ́n bá pa pọ̀, ó lè tó."

"Kí ni kí n wá sọ fún oníkánópì?"

"Pé ẹ̀yin lẹ pè é, sà."

Alága na ọwọ́ sí àyà tíṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tún ojú Susan tó ká níbẹ̀ ṣe. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ bínú, kò sì rí ibi tí yóò ti mú un. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ dé ilé. Ó lọ bá ọlọ́kadà rẹ̀.

"Èmi ńkọ́?" Kingsley béèrè. Kò pariwo. "Àwọn ọmọ yẹn lulù títí ọwọ́ wọn fi bó, Ìyá Ìlérí. Mo ṣèlérí fún wọn. Wọn ò jẹ̀bi nǹkan kan."

"Wọn ò jẹ̀bi." Mildred fi orí júwe àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. "Oníbàárà ará Ìlútítun ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ẹ tà á fún un. Ẹ má jẹ́ kó já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ohun tó bá san, kí ẹ pín in fún wọn."

"Owó ilé ìwé Ìlérí nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Kí la máa wá fi..."

"Ẹ̀gẹ́ ṣì wà nínú omi. N ó tún ṣe òmíràn. Èmi ni n ó lọ bá ọ̀gá ilé ìwé." Ó tẹ̀ ba, ó gbé bàsíà sórí, ó nàró lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ di ẹnu àpò yẹn dáadáa, kí èérí má bàa wọ̀ ọ́."

Susan ti dìde. Ọ̀rọ̀ tó ti gbọ́ ti tó fún un láti lóye, ojú rẹ̀ sì ti kún fún omijé. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, Mildred fi ọwọ́ kan dì í mú ní apá.

"Má ṣe ìyẹn. Èémí rẹ ni kó o tọ́jú, ọ̀nà jìn."

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé bọ́ sójú títì. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá fọn fèrè sí wọn, Mildred sì pè é dúró fún Susan, ó tún pe òmíràn fún ara rẹ̀. Kí ó tó gun tirẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn gba ẹ̀gbẹ́ ilé. Kingsley ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpò púpurú, ó ń wá okùn tí yóò fi dì í lẹ́nu. Kò kun orin kankan. Mildred sọ bàsíà kalẹ̀ lórí, ó gun ọ̀kadà, ó dì í mú lórí itan, ó ní kí ọlọ́kadà máa lọ.